Màlúù Wo Ni Ojú Rẹ Jọ?

Ohun tí Rwomushana máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá wá ṣe ojú lọ́dọ̀ rẹ̀ kì í ṣe orúkọ, kì í sì í ṣe ọjọ́ orí. Yóò ní kí onítọ̀hún jókòó sórí àga onígi tó wà lẹ́bàá fèrèsé, yóò gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, yóò wo ojú kan tó kù fún un dáadáa, yóò sì béèrè pé, "Màlúù wo ni ojú rẹ jọ?"

Àlejò lè rò pé bàbá yìí ń bú òun ni. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Ankole wa yìí, ìbéèrè náà kò le rárá. Ọmọ tí wọ́n bí sáàárín màlúù mọ orúkọ àwọ̀ wọn kó tó mọ orúkọ àwọn àbúrò bàbá rẹ̀. Bihogo ni èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Gaaju fúyẹ́ jù ú lọ, ó dà bí tíì tí a bu wàrà lé. Siina ti ṣókùnkùn, ó ku díẹ̀ kó dúdú. "Gaaju ni," ẹni tó jókòó yóò wí, "ṣùgbọ́n gaaju ti ìyá mi o, kì í ṣe jákujàku tí àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ń dà." Rwomushana á mi orí, á fa abọ́ ọ̀dà mọ́ra, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélógójì ló fi ṣe iṣẹ́ náà ní ilé ìwòsàn ojú tó wà lórí òkè, lẹ́yìn ìlú Mbarara. Ó ṣe ojú fún ọlọ́pàá tí ìwo màlúù yọ tirẹ̀. Ó ṣe é fún obìnrin tí ẹ̀là igi ìdáná ta sí lójú, àti fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí dókítà ní láti yọ ojú wọn kí àrùn má bàa gba ojú dé ọpọlọ. Ojú tó ń ṣe kì í ríran, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. "Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí àwọn èèyàn wò ọ́ kí wọ́n má wo ihò," bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ tí mo ń sọ yìí ni ọ̀sẹ̀ tó máa lò gbẹ̀yìn. Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ yóò pé jọ, wọn yóò mu tíì, wọn yóò jẹ búrẹ́dì, wọn yóò sì fún un ní aago ara ògiri. Ó ti rí aago náà nínú páálí rẹ̀ lábẹ́ tábìlì akọ̀wé. Kí ni ẹni tí wọ́n ní kó lọ sinmi fẹ́ fi aago ṣe? Wọ́n á kúkú fún un ní abo màlúù kan.

Àṣírí kan wà lọ́kàn rẹ̀ tí aago kò lè yanjú. Ojú òun alára ló ń lọ. Ó ti tó ọdún méjì báyìí tí àwọn àwọ̀ ti ń sá fún un. Búlúù kò tíì lọ, ewéko ṣì ń ṣe bí ewéko, ṣùgbọ́n àwọ̀ ilẹ̀, àwọ̀ màlúù, àwọ̀ ojú àwọn èèyàn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti pa pọ̀ di ẹrẹ̀ kan náà. Dókítà wò ó, ó ní àárín ojú ló ń gbẹ, kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń ha kúrò bí awọ funfun. Rwomushana bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ló wá dọ́gbọ́n. Nọ́ọ̀sì kékeré kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, Natukunda, ni yóò pè sídìí abọ́ ọ̀dà.

"Kí lo rí?"

"Ó pọ́n jù, Bàbá."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá o mọ̀ ọ́n ni."

Natukunda á máa dúpẹ́ pé ọ̀gá òun ń kọ́ òun dáadáa. Ọgbọ́n àgbà ni, àbí ẹ̀tàn àgbà, èmi ò mọ èyí tí ẹ ó pè é. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ náà, Natukunda ti lọ sí Kampala fún ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún, ọjọ́ náà gan-an ni Kebirungi sì dé.

Ká tó sọ ohun tó wá ṣe, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀, torí Kebirungi kì í ṣe aláìsàn lásán.

Rwomushana kò fi ojú ṣíṣe bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní ọgọ́rin màlúù. Ọdún tí àrùn pa wọ́n ku mẹ́ta ni ọmọkùnrin náà, ọmọ ogún ọdún, wá sílé ìwòsàn láti máa gé koríko. Ó ti lọ sílé ẹ̀kọ́ díẹ̀, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Òyìnbó obìnrin kan wà níbẹ̀ nígbà náà tó ń ṣe ojú, Misi Lorimer. Àwọn aráàlú sọ ọ́ ní Nyinamaisho, ìyá àwọn ojú. Misi kò gbọ́ èdè wa ju kí ó kíni kó sì béèrè omi lọ, ló bá mú ọmọkùnrin agékoríko náà ṣe ògbufọ̀.

Misi ní pátákó kan tí wọ́n ya àwọ̀ ojú mẹ́rìnlélógún sí, nọ́mbà wà lórí ìkọ̀ọ̀kan. Mọ́kàndínlógún nínú wọn jẹ́ búlúù, eérú àti ewéko, ti àwọn èèyàn tirẹ̀. Márùn-ún tó kù ni wọ́n pín fún gbogbo Áfíríkà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Rwomushana gbójúgbóyà sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀ ni ọjọ́ tí Misi mú nọ́mbà ogún fún awakọ̀ kan.

"Misi, ogún kọ́ nìyẹn. Bihogo ni."

"Kí ni bihogo?"

Ó fà á lọ́wọ́ jáde, ó fi màlúù tó ń jẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná hàn án. Misi wo màlúù, ó wo awakọ̀ tó tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ihò ojú rẹ̀, ó tún wo màlúù. Ó bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ìbéèrè yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọdún 1971 ni ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Kenyangi gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá láti Nyabushozi, ìrìn ọjọ́ kan gbáko. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Kebirungi. Wọ́n ti yọ ojú òsì rẹ̀ lóṣù mẹ́ta ṣáájú, torí pé ìyá àgbà rí i tí inú ọmọlójú rẹ̀ ń kọ funfun bí ojú ológbò nínú òkùnkùn. Ìyá ọmọ náà ti kú, bàbá rẹ̀ wà níbi tó wà. Kenyangi kò ní ẹlòmíràn, ọmọ náà kò sì ní ẹlòmíràn.

Misi ṣe ojú náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó rọ ìda sínú ihò kékeré náà láti mọ bó ṣe rí, ó gbẹ́ ẹ, ó fi ike ṣe é, ó kùn ún, ó dán an. Nígbà tó fi sí i, ó gbé ọmọ náà kọjú sí ìyá àgbà rẹ̀. Kenyangi wò ó títí.

"Ó dára," ló wí.

Rwomushana túmọ̀ rẹ̀, inú Misi sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ bí àwọn àgbà wa ṣe ń sọ̀rọ̀ mọ̀ pé "ó dára" méjì ló wà. Èyí tó gùn máa ń ní ẹ̀rín nídìí. Èyí tó kúrú jẹ́ ti ẹni tó gba ẹ̀bùn tí kò wù ú. Funfun ojú náà funfun jù. Ó funfun bí abọ́ tánganran tí wọ́n ń gbé sílẹ̀ fún bíṣọ́ọ̀bù, ojú ààyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì wá dà bí ẹni pé òun ló ń ṣàìsàn.

Lẹ́yìn náà ni Misi sọ bí wọ́n ṣe máa tọ́jú rẹ̀. Kí wọ́n fọ ọwọ́ kí wọ́n tó fi kàn án. Tí wọ́n bá fẹ́ nu ojú ọmọ náà, kí wọ́n nù ún láti ìta wá sí ìhà imú, torí ẹni tó bá nù ún sí ìhà etí lè gbá ojú náà dànù. Rwomushana fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọmọ náà, ó sọ ọ́ di orin: ìhà imú, ìhà imú, ilé ojú wà níhà imú. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó sì ń kọ ọ́. Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Misi ní tó bá di alẹ́, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi sínú omi tó mọ́.

Ó ti rẹ Rwomushana lọ́jọ́ náà, ebi sì ń pa á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àárẹ̀ ló kó bá a, ẹnu dídùn ni. "Omi tó mọ́" kò tó fún un láti sọ. Ó fẹ́ sọ ọ́ bí ọmọ ẹni iyì, kí ìyá àgbà náà lè mọ̀ pé ilé rere ni òun ti jáde. Ó ní, "Ìyá, ní alẹ́, ẹ fi sínú ohun tó mọ́ jù lọ nínú ilé yín."

Kenyangi mi orí, ó gbé ọmọ rẹ̀, ó lọ.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Kí ló mọ́ jù lọ nílé ẹlẹ́ran ọ̀sìn? Ṣé omi tí wọ́n pọn nínú adágún tí màlúù àti ewúrẹ́ jọ ń mu níbẹ̀? Nílé wa, wàrà ló mọ́. Ìkòkò onígi tí a ń fún un sí, koríko olóòórùn dídùn la fi ń rú èéfín sínú rẹ̀ láràárọ̀, ọwọ́ ẹlẹ́gbin kì í kàn án.

Nígbà tí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òórùn èéfín àti wàrà ló kọ́kọ́ wọlé kí ọmọ náà tó wọlé. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ti wú díẹ̀, nǹkan funfun ń yọ jáde nídìí rẹ̀. Misi yọ ojú náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Wàrà! Ta ló ní kí o fi sínú wàrà? Omi! Omi ni mo wí! Omi!"

Ó fi èdè wa pariwo ọ̀rọ̀ yẹn, ọ̀kan nínú díẹ̀ tó mọ̀. Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì níta gbọ́ ọ. Kenyangi gbé ojú sókè, ó wo Misi, lẹ́yìn náà ó wo Rwomushana. Rwomushana wo ilẹ̀. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni òun ní láti sọ. Bó bá sọ ọ́, ògbufọ̀ mìíràn yóò wà níbẹ̀ lọ́la, òun yóò sì padà sídìí màlúù mẹ́ta bàbá rẹ̀. Ó pa ẹnu mọ́.

"Mo ti darúgbó," ni Kenyangi wí. "Mo gbàgbé ni."

Ó túmọ̀ ìyẹn. Àní ó túmọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ó rò pé ìyá náà ti gbà lóòótọ́ pé orí òun ló ti ń jò, èyí sì ni ohun tó dùn ún jù lọ fún ogójì ọdún, pé òun sọ àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé di onígbàgbé lójú ara rẹ̀.

Àbí ẹ rò pé ìjìyà tẹ̀ lé e? Ìgbéga ni. Nígbà tí Misi fẹ́ fọ ojú náà, Rwomushana rí nǹkan kan. "Misi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó kí ẹ tó fọ̀ ọ́." Èéfín àti ọ̀rá wàrà ti pa funfun abọ́ tánganran yẹn. Ó ti di funfun tó rọ̀, tó ní ìyeyè díẹ̀ àti àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀, bí funfun ojú èèyàn dúdú ṣe ń rí gan-an. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ààyè ọmọ náà, wọn kò sì mọ èyí tí Ọlọ́run dá yàtọ̀. Misi kò fọ̀ ọ́ mọ́. Ó fún ọmọ náà ní oògùn, ojú rẹ̀ san, ó ṣe ojú mìíràn fún un, ojú tí wọ́n fi ọ̀dà, kì í ṣe wàrà màlúù, pa funfun rẹ̀, tí wọ́n sì tẹ́ fọ́nrán òwú pupa sí lára bí iṣan. Èyí àkọ́kọ́ náà, tó ti bàjẹ́, Kenyangi bẹ̀bẹ̀ gbà á lọ sílé. Ọdún kò yí po tí Misi fi gbé Rwomushana kúrò nídìí ògbufọ̀ wá sídìí iṣẹ́. "Ìwọ lojú rẹ rí i," ló wí. Nígbà tí Misi padà sílùú rẹ̀, àga ẹ̀bá fèrèsé di ti Rwomushana.

Látìgbà yẹn, òun ló ń ṣe gbogbo ojú Kebirungi. Ọmọ ń dàgbà, ihò ojú ń dàgbà pẹ̀lú rẹ̀, a gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀. Ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó bi í bóyá kò lè ṣe èyí tó ríran díẹ̀, kódà kó jẹ́ ọjọ́ Sunday nìkan. Ní ọdún méjìlá, ó yọ ọ́ síta nínú kíláàsì, ó fi lé orí ìwé ọmọkùnrin kan tó ń pè é ní olójú kan, ó ní, "Bá mi wò ó, mò ń bọ̀." Ọmọkùnrin náà dákú. Ọmọkùnrin yẹn náà ló fẹ́ ẹ nígbẹ̀yìn. Kò sí ìgbà tí Rwomushana sọ ìtàn yìí tí kì í fi ọwọ́ lu itan. Bí wọ́n ṣe ń dàgbà pọ̀ nìyẹn, Kebirungi pẹ̀lú ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbà kan nínú gbogbo rẹ̀ tí Rwomushana sọ ọ̀rọ̀ wàrà fún un.

Ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Obìnrin náà wọlé, ó ti di ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta, ó di nǹkan kan sínú aṣọ lábẹ́ apá. Ohùn rẹ̀ ni Rwomushana fi mọ̀ ọ́n. Wọ́n gbá ara wọn mọ́ra, èjìká kan, lẹ́yìn náà èjìká kejì, wọ́n béèrè màlúù, wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n béèrè òjò.

"Bàbá, wọ́n ní ẹ fẹ́ sá fún wa."

"Aago ni wọ́n fẹ́ fún mi."

"Aago! Ṣé kí ẹ lè máa wo ìgbà tí ẹ ó kú ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó wá ṣe. Ojú tó wà níbẹ̀ ti lo ọdún mẹ́sàn-án, ó ti ṣá, ìpéǹpéjú òkè sì ti ń wọlẹ̀ lé e. "Mo fẹ́ ojú tuntun tó ti darúgbó," ló wí. "Èyí tí màá bá dàgbà. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín, mo gbọ́ pé ojú inú páálí ni wọ́n máa ń fúnni, kékeré, ńlá, ó tán. Kò sí ẹni tó mọ ojú mi mọ́ láyé lẹ́yìn yín. Ẹ má fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ojú ẹlòmíràn."

Ìgbà yẹn ló yẹ kí Rwomushana sọ̀rọ̀ ojú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbéraga àgbà ń bẹ. Ó ní, "Jókòó."

Ìṣẹ́gun dára. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tíì fọ́. Ó rọ ìda, ó gbé e sínú ihò ojú náà, ó ní kó wo òkè, kó wo ilẹ̀, kó wo ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ìpéǹpéjú, ó mọ ibi tó ti ń wọlẹ̀, ó fi ìda díẹ̀ kún un lókè, ó ha díẹ̀ kúrò nísàlẹ̀. Ó ṣe é títí ìpéǹpéjú méjèèjì fi ṣí dọ́gba. Ọjọ́rú ni ọjọ́ ọ̀dà. Kò bi í pé màlúù wo. Ogójì ọdún ló ti mọ̀ pé gaaju ni, kí ló fẹ́ béèrè fún? Ó mọ ipò tí ọ̀dà kọ̀ọ̀kan wà lórí pẹpẹ, ó nawọ́ mú wọn bí ẹni mú àgbàdo nínú agbọ̀n. Kò mọ̀ pé Natukunda, ọmọ dáadáa, ti to gbogbo wọn ní ìlànà a, b, d kó tó lọ sí Kampala.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó fi ojú náà sí i. Kebirungi gbé dígí, ó wò ó.

"Ó dára, Bàbá," ló wí.

Ó kúrú.

Rwomushana dúró síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìnujú lọ́wọ́. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì yìí rí, nínú yàrá yìí kan náà, pẹ̀lú ohùn kan náà. Ó mọ̀ pé obìnrin náà yóò dúpẹ́, yóò dìde, yóò padà sí Nyabushozi, yóò sì máa fi ojú tí kì í ṣe tirẹ̀ wo àwọn èèyàn rẹ̀ títí ọjọ́ ikú, torí pé kò fẹ́ dójú ti àgbàlagbà. Òun náà yóò sì gba aago rẹ̀. Ẹ̀rù bà á ju bó ṣe bà á ní ọdún 1971 lọ.

"Kebirungi, kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Bàbá."

"Má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. N kò rí i. Ojú mi ti lọ. N kò rí àwọ̀ màlúù mọ́. Sọ ohun tí mo ṣe fún mi."

Kebirungi fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ń yọ láàárín ìka rẹ̀. "Bàbá, siina ni. Ẹ fi siina sójú onígaaju. Ó dà bí ẹni pé màlúù aládùúgbò ló ṣìnà wọ agbo mi."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí Rwomushana fi jókòó sílẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀rín tán ni Kebirungi tú aṣọ tó wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ìkòkò wàrà onígi kékeré kan ni, tó ní ìdérí tí wọ́n hun. Ó dà á sórí tábìlì. Gbogbo ojú rẹ̀ ló wà níbẹ̀, láti ti ọmọ ọdún mẹ́rin títí dé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́, kò sọ ọ̀kan nù. "Mo kó wọn wá kí ẹ lè fi wọ́n ṣe ìrántí," ló wí. Rwomushana kò nílò kó ríran láti mọ̀ wọ́n. Ó fi ìka wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń tóbi sí i: èyí ti ọdún tó fẹ́ ojú tó ríran, èyí tó mú ọmọkùnrin dákú, èyí ìgbéyàwó. Èyí tó kéré jù kò ju èkúrọ́ lọ, ó sì ń ta sánsán èéfín síbẹ̀síbẹ̀, tàbí ó rò bẹ́ẹ̀.

Ó fa abọ́ ọ̀dà mọ́ra. "Ó dáa. Màlúù wo ni ojú rẹ jọ?"

"Gaaju."

"Gaaju wo?"

Ó gbé dígí, ó wo ojú ààyè rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. "Gaaju tó ti bí ọmọ mẹ́jọ. Oòrùn ti pa á, òjò ti pa á. Etí rẹ̀ yí ká ti ń ṣe eérú."

Eérú! Rwomushana kò mọ̀ pé eérú ti yí ojú ààyè obìnrin náà ká. Ta ni ìbá sọ fún un, nígbà tí kò béèrè? Gbogbo ọjọ́ náà ni wọ́n fi ṣe é. Rwomushana ń pò, Kebirungi ń wò. "Ó pọ́n jù. Ẹ bu wàrà sí i. Ó tó. Rárá, ẹ ti sọ ọ́ di ẹgbọrọ, mo ní ó ti bí mẹ́jọ!" Olójú kan ló ń wo àwọ̀, ẹni tí kò ríran dáadáa ló di búrọ́ọ̀ṣì mú. Tí Misi bá rí wọn, yóò pariwo omi.

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀, wọ́n ti ń to ife tíì ní yàrá kejì nígbà tó fi ojú náà sí i. Kebirungi gbé dígí, ó gbé e lọ sójú fèrèsé, ó padà wá.

"Óòò dáára," ló wí, ẹ̀rín sì wà nídìí rẹ̀.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a, ti Rwomushana sì ti lọ fún ogójì. Ó ní, "Jókòó. Mo jẹ ìyá rẹ àgbà ní gbèsè ọ̀rọ̀ kan, ó sì ti kú kí n tó san án." Ó sọ ọ́ tán pátá: omi tí Misi wí, ọ̀rọ̀ dídùn tí òun fi rọ́pò rẹ̀, ilẹ̀ tí òun wò. "Ó kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òun gbàgbé. Èmi ni mo fi bẹ́ẹ̀ sí i lórí."

Kebirungi wò ó bí ẹni wo ọmọdé.

"Bàbá, ta ló gbàgbé? Ìyá mi àgbà? Ẹni tó mọ ìran màlúù dé ẹ̀yìn ìran méje? Ọjọ́ tí òyìnbó náà pariwo omi ló ti mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ṣì í túmọ̀. Gbogbo ọ̀nà ilé ló fi ń rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ náà fẹ́ sọ̀rọ̀ bí ọba."

"Ó mọ̀? Kí ló dé tí kò sọ ọ́?"

"Mo bi í léèrè nígbà tí mo dàgbà. Ó ní òun wo ojú yín, òun rí i bí ẹ̀rù ṣe ń bà yín. Ó ní òyìnbó yóò lọ sílé lọ́jọ́ kan, gbogbo òyìnbó ló ń lọ. Bí òun bá sọ̀rọ̀ kí wọ́n lé ọmọ yìí padà sídìí màlúù, ta ni yóò wà níbẹ̀ láti máa ṣe ojú fún ọmọ òun?"

Wọ́n ń pe Rwomushana láti yàrá kejì pé tíì ti ń tutù. Omi ń dà lójú rẹ̀ méjèèjì, ó sì ń dà lójú Kebirungi náà, láti ara ojú ààyè àti láti abẹ́ ojú tuntun, torí ihò kì í gbàgbé ẹkún. Bàbá náà gbé aṣọ ìnujú, ó ń nu ojú ara rẹ̀ gbàgàdà gbàgàdà, sí ìhà etí, bí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ rí.

Kebirungi di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó rọra yí i padà.

"Ìhà imú, Bàbá," ló wí. "Ìhà imú."